Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.
Èmi Dhojbir wọ bàtà, n ò mọ̀.
Láti ọjọ́ tí mo ti jábọ́ lórí igi badahar
níbi tí mo ti ń gé ewé fún ewúrẹ́ ìyá mi,
láti ìsàlẹ̀ ọmú títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀,
ilé dákẹ́.
Iná lè jó mi níbẹ̀, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni mo ń fi róòbà tọ̀,
tí mo ń wo ìtọ̀ mi bí ẹni ń yẹ owó wò:
èyí mọ́, èyí rú díẹ̀,
èyí ń rùn, àbí àlùbọ́sà àná ni?
Bó bá ti rú, àyà mi á já.
Ẹ̀ẹ̀meje ni mo gba hóró oògùn lọ́dún tó kọjá,
ẹ̀ẹ̀meje tí wọ́n gbọ́ ti ẹnu ìgò
tí wọn ò gbọ́ ti ẹnu mi.

Ó tún rú, mo tún sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àfonífojì,
wákàtí mẹ́sàn-án nínú bọ́ọ̀sì,
kẹ̀kẹ́ mi lórí òrùlé pẹ̀lú àgò adìyẹ.
Dókítà Prasiddhi, ọmọdé, ìwé ẹ̀rí ṣì ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀,
ki pépà tín-ín-rín bọ ìtọ̀ mi.
Pépà di elésè-àlùkò.
Ó ti nawọ́ sí bírò.
“Kòkòrò wà níbẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì Rewati tó ń ká aṣọ ibùsùn kò tilẹ̀ gbójú sókè.
“Ìgbà wo ni kò sí níbẹ̀?
Ẹni tó ń fi róòbà tọ̀, kòkòrò ti gba yàrá nínú àpòòtọ̀ rẹ̀.
Kì í ṣe gbogbo ayálégbé ni olè.
Bi í léèrè bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é.”
“Kò mọ nǹkan kan lára nísàlẹ̀.”
“Mo mọ̀. Ṣáà bi í.”

Ibà ńkọ́? Rárá.
Ṣé ẹsẹ̀ ń ju ara rẹ̀ lóru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?
Ṣé ìtọ̀ ń jò kí àsìkò róòbà tó pé?
Òógùn ńkọ́, orí fífọ́ ńkọ́, àárẹ̀ tí kò nídìí?
Rárá. Mo jẹ ìrẹsì àwo méjì láàárọ̀.
Wọ́n ní kí n máa mu omi, kí n máa lọ sílé.

Mo bú Rewati títí bọ́ọ̀sì fi gun òkè tán.
Lọ́jọ́ kẹta, ìtọ̀ mi mọ́ fúnra rẹ̀,
kò tilẹ̀ dágbére.

Ó di oṣù tí omi ń dì nínú garawa.
Mo jí láfẹ̀mọ́júmọ́, otútù ń géni bí ọ̀bẹ,
òógùn sì ń ṣàn ní iwájú orí mi nìkan,
orí ń fọ́ mi bí ẹni ń la igi,
irun ọrùn dìde,
ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ tí mo ti sin,
gbá búláńkẹ́ẹ̀tì dànù.
Suntali ìyàwó mi gbé mi jókòó, ó ki róòbà bọ̀ ọ́:
ìtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́!
Kò wo ìgò. Ó gbé fìtílà sún mọ́ mi.
“Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ló wí, “tìrẹ sì ń pariwo.”

Rewati lo róòbà tuntun, ó gba ìtọ̀ tuntun,
kì í ṣe èyí tó sùn sínú ìgò mọ́jú.
Wọn ò dúró kí wọ́n tó fún mi lóògùn,
ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ilé àyẹ̀wò ránṣẹ́:
méjì nínú àwọn hóró tí mo ti jẹ ní àjẹjù
kò lè mú kòkòrò yìí mọ́.
Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. N ò wí nǹkan kan.

Prasiddhi ṣí ìwé mi.
Kí ó tó kọ àwọ̀ pépà, ó kọ ọ́ pé:
ìyàwó rẹ̀ ní ojú rẹ̀ yàtọ̀.
Suntali tí kò mọ̀wé fi ìka lé ìlà náà.
“Orúkọ mi dà níbẹ̀?”
Dókítà tún mú bírò.